Ọ̀rá Tí Kò Ti Inú Ìkòkò Ọbẹ̀ Wá

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì ọdún 1984, àwọn oníṣẹ́ abẹ ní ìlú Pittsburgh, ní Amẹ́ríkà, ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣe rí: wọ́n yọ ọkàn àti ẹ̀dọ̀ ọmọbìnrin ọmọ ọdún 6 kan lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì fi ti ọmọ mìíràn tó ti kú rọ́pò wọn. Stormie Jones ni orúkọ ọmọ náà, Texas ló ti wá, Thomas Starzl sì ló ṣáájú ikọ̀ náà. Ìkọlù ọkàn, tí a mọ̀ mọ́ àgbàlagbà, ti ṣe é ju ẹ̀ẹ̀kan lọ kí wọ́n tó gbé e débẹ̀. Kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù, ìyẹn ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, tí àwọn dókítà kì í fẹ́ kó kọjá 200, lé ní 1,000 lára tirẹ̀.

Ọkàn ti bàjẹ́, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Ìyẹn kò ṣòro láti yéni. Ẹ̀dọ̀ ńkọ́? Ẹ̀dọ̀ gan-an ni orísun wàhálà. Òun ló máa ń kó ọ̀rá búburú tí wọ́n ń pè ní LDL kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, ti Stormie kò sì lè kó o. Bí wọ́n bá fi ọkàn tuntun sí i, tí wọ́n fi ẹ̀dọ̀ àtijọ́ sílẹ̀, ọ̀rá á tún dí iṣan ọkàn tuntun náà pa. Nígbà tí ẹ̀dọ̀ tuntun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù rẹ̀ já wálẹ̀ sí bíi 300. Ó tún lo ọdún mẹ́fà ó lé láyé, kó tó kú ní oṣù Kọkànlá ọdún 1990, ní ọmọ ọdún 13.

Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n méjì ní Dallas, Michael Brown àti Joseph Goldstein, ló tú àṣírí ọ̀ràn yìí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ni wọ́n ti ń gba sẹ́ẹ̀lì lára awọ irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń fi í wé ti ẹni tí ara rẹ̀ dá. Wọ́n rí i pé ohun kan wà lójú sẹ́ẹ̀lì tó máa ń gbá LDL mú, tí á sì fà á wọlé. Àwọn aláìsàn náà kò ní in, tàbí kó má ṣiṣẹ́ lára wọn. Ẹ̀bùn Nobel ọdún 1985 ni iṣẹ́ náà gbà fún wọn. Ẹni tó jogún àbùkù yìí láti ọ̀dọ̀ òbí kan dà bí ọjà tí ìdajì àwọn agbálẹ̀ rẹ̀ kò wá síṣẹ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣí i: ìdọ̀tí tí wọ́n ń dà síbẹ̀ kò ju ti ọjà mìíràn lọ, ẹni tí yóò gbá a ló dín. Ìdí nìyí tí ẹni tí kì í jẹ ṣàkì, tó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, tó ń sáré láràárọ̀, fi lè gba èsì àyẹ̀wò tí yóò ya dókítà lẹ́nu.

Gbogbo ẹni tó ń múra ìgbéyàwó nílẹ̀ Yorùbá lónìí ló mọ AS àti SS. Ọmọ ní láti gba S lọ́wọ́ bàbá, kó tún gba S lọ́wọ́ ìyá, kó tó di fòníkú-fọ̀ladìde. Ti ọ̀rá àjogúnbá yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Òbí kan ti tó. Ọmọ kọ̀ọ̀kan tí òbí náà bá bí, ìdajì-ìdajì ni: ó lè jogún rẹ̀, ó lè má jogún rẹ̀, ọkùnrin ni o, obìnrin ni o. Irú ti Stormie, tó bá a láti ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá, ṣọ̀wọ́n gan-an, bí ẹnì kan nínú 300,000. Irú ti òbí kan kò ṣọ̀wọ́n rárá: àwọn onímọ̀ fi í sí ẹnì kan nínú nǹkan bíi 250 káàkiri àgbáyé. Láàárín àwọn Afrikaner ní South Africa, tí ọ̀pọ̀ jù nínú wọn ṣẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ àwọn baba ńlá díẹ̀ tó ti Yúróòpù dé, ó tó ẹnì kan nínú 100, ó tún lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá fi ìṣirò 250 yẹn lé orí 200 mílíọ̀nù èèyàn ní Nàìjíríà, 800,000 ni yóò já sí.

Nínú agbo ilé olórogún, ọ̀rọ̀ náà tún gba àròjinlẹ̀. Bó bá jẹ́ bàbá ló ní in, tọmọ ìyá tọbàkan ni àyẹ̀wò kàn, yàrá ìyàwó kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ gbọ́. Bó bá jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó ni, àwọn ọmọ tirẹ̀ àti àwọn ẹbí rẹ̀ ló kàn. Àwọn ọmọ orogún rẹ̀ lè jókòó jẹ́ẹ́.

Àìsàn yìí kì í dunni. Kì í fa orí fífọ́, kì í fa ibà. LDL tó ti ga láti ọjọ́ ìkómọ á kàn máa lẹ̀ mọ́ ara iṣan ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀. Láìsí ìtọ́jú, àrùn ọkàn á ti mú bí ìdajì àwọn ọkùnrin tó ní in kí wọ́n tó pé ọdún 50. Nínú àwọn obìnrin, bí 30 nínú 100 kí wọ́n tó pé ọdún 60. Ẹni tó bá tún ń mu sìgá, tàbí tó ní ìtọ̀ súgà, tirẹ̀ yá jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Dókítà kan ní Oslo, Carl Müller, ti kọ̀wé nípa rẹ̀ ní àwọn ọdún 1930: ó rí àwọn ìdílé tí kókó máa ń yọ lára iṣan wọn, tí àyà á máa dùn wọ́n, tí ọ̀rá ẹ̀jẹ̀ wọn sì ga. Àmì yẹn ṣì wúlò. Kí èèyàn bọ́ bàtà, kó fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá di iṣan líle tó wà lókè gìgísẹ̀ mú, kó rọra fa ọwọ́ náà wálẹ̀. Ó yẹ kí iṣan náà tẹ́ẹ́rẹ́, kó sì dán. Bó bá ki, tó rí kókó-kòkò, kó sọ fún dókítà. Kó wo ẹ̀yìn oríkèé ọwọ́ náà. Kó wo ojú nínú dígí: òrùka funfun tó yí dúdú ojú ká kì í ṣe nǹkan bàbàrà lójú bàbá àgbà, àmọ́ lójú ẹni tí kò tíì pé ọdún 45, ó yẹ kó kọ ni lóminú. Ọ̀pọ̀ sì ló wà tó ní àìsàn yìí láìní àmì kankan. Láàbù nìkan ló lè sọ tiwọn.

Bó ṣe máa ń rí nílé kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Bàbá kú ní ọmọ ọdún 48, wẹ́rẹ́, lórí àga. Àbúrò rẹ̀ di àyà mú níbi ìnáwó, ó ṣubú, ó kú ní 44. Nígbà tó bá máa kan ọmọ, àwọn ará ilé á ní ayé ló ń ṣe wọ́n. Wọn á wá ẹni tó ṣépè fún baba ńlá wọn, wọn á gbààwẹ̀, wọn á rúbọ. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ yìí kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí àdúrà. Ohun tó ń dùn ún ni pé ìdílé náà ti ṣe èyí tó le jù nínú iṣẹ́ dókítà: wọ́n ti ṣàkíyèsí pé ikú ọ̀hún ń tọ ìran. Wọ́n wá gbé àkíyèsí náà lọ síbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní gba ẹ̀jẹ̀ wọn. Bẹ́ẹ̀ ìwádìí ìdílé kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Kí wọ́n tó fọmọ fọ́kọ, àwọn àgbà á ti béèrè bóyá wàrápá wà nílé yẹn, bóyá ẹ̀tẹ̀ wà níbẹ̀, bóyá wèrè wà níbẹ̀. Kí ló dé tí a kò fi béèrè ọkùnrin tó kú ikú òjijì kó tó pé 55, tàbí obìnrin tó kú irú ikú bẹ́ẹ̀ kó tó pé 60?

Àwọn oníṣègùn náà ní ìpín tiwọn nínú ẹ̀bi. Ìwádìí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1992 láàárín àwọn àgbàlagbà Ìdíkàn, n'Íbàdàn, àti àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú Indianapolis fi hàn pé kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù àwọn ará Ìbàdàn kéré sí ti àwọn ará Amẹ́ríkà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n irú òótọ́ yìí ló máa ń mú dókítà rò pé àìsàn òyìnbó ni, kó wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, kó yẹ súgà wò, kó sì ní kí aláìsàn máa lọ. Ìdajì èèyàn ìlú lè ní ọ̀rá tó kéré, ìyẹn kò sọ nǹkan kan nípa ẹnì kan ṣoṣo tó jogún tirẹ̀. Ara àwọn aláwọ̀ dúdú gan-an sì ni ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rí tó lágbára jù nípa LDL àti àrùn ọkàn ti wá. Ní ọdún 2006, Jonathan Cohen àti Helen Hobbs ní Dallas kéde pé àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà kan wà, bí 2.6 nínú 100, tí ẹ̀dà kan lára jíìnì wọn tó ń jẹ́ PCSK9 kú láti inú oyún wá. LDL wọn fi 28 nínú 100 dín sí ti àwọn yòókù. Àrùn ọkàn láàárín wọn fi 88 nínú 100 dín. Ọ̀rá tó kéré láti ìbẹ̀rẹ̀ ayé ló gbà wọ́n là, gẹ́gẹ́ bí ọ̀rá tó pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ayé ṣe ń pa àwọn tí à ń sọ. Abẹ́rẹ́ tó ń dí PCSK9 lọ́wọ́ dé ọjà ní ọdún 2015, owó rẹ̀ kò sì ṣe é fọwọ́ kàn.

Owó oògùn tó wà lọ́wọ́ kò tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ Japan kan, Akira Endo, yẹ oríṣi ohun tó ń hù lára oúnjẹ bíbu àti igi jíjẹrà tó ju 6,000 lọ wò kó tó rí èyí tó ń dín kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù kù, ní ọdún 1973. Láti inú rẹ̀ ni àwọn oògùn tí wọ́n ń pè ní státìn ti wá. Atorvastatin àti rosuvastatin wà nílé ìpoògùn jákèjádò Nàìjíríà, wọ́n sì lè dín LDL kù tó ìdajì bí dókítà bá fún ni ní ìwọ̀n tó yẹ. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé títí ayé ni wọ́n ń lò ó, kì í ṣe oògùn ibà tí èèyàn ń jù nù lọ́jọ́ kẹta.

Orílẹ̀-èdè Netherlands wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi ìdílé wá àwọn aláìsàn yìí kiri, láti ọdún 1994. Wọ́n á rí ẹnì kan, wọ́n á kan ilẹ̀kùn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀, wọ́n á tún tọ ọmọ àwọn yẹn lọ. Láti ọdún 2008 ni ìlànà ìtọ́jú ní England náà ti fi irú rẹ̀ lélẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí pé ọmọ Yorùbá tí wọ́n bá bá a lára rẹ̀ ní London yóò gbọ́ pé kí ó sọ fún àwọn ọmọ ìyá àti bàbá rẹ̀. Kí ó máà jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà parí sí London. Kí ó pe ilé. Ní Amsterdam, wọ́n fún àwọn ọmọ tó ní àìsàn náà ní státìn, wọ́n sì tọ̀ wọ́n lẹ́yìn fún ogún ọdún. Nínú àwọn òbí tí wọ́n ti jogún rẹ̀, tí kò sí státìn nígbà èwe wọn, 26 nínú 100 ni àrùn ọkàn tàbí ti iṣan ẹ̀jẹ̀ ti mú kí wọ́n tó pé ọdún 39. Nínú àwọn ọmọ, ẹyọ kan nínú 100 ni.

Àyẹ̀wò tí à ń wí ni wọ́n ń kọ sórí ìwé láàbù ní lípíìdì. Kí ẹni tó bá gba èsì rẹ̀ wá ìlà tí wọ́n kọ LDL sí. Bó bá jẹ́ 190 mg/dL tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìyẹn 4.9 lórí ìwé tó ń lo mmol/L, tàbí 160 lára ọmọdé, kó tún un ṣe, kó sì mú orúkọ àwọn tó kú nínú ẹbí àti ọjọ́ orí wọn dání lọ bá dókítà. Láti ọmọ ọdún 8 sí 10 ni wọ́n ti máa ń bẹ̀rẹ̀ státìn fún ọmọ tó bá ní in. Obìnrin tó ń lò ó, tó sì fẹ́ lóyún, yóò kọ́kọ́ sọ fún dókítà rẹ̀, nítorí wọ́n sábà máa ń dá a dúró títí yóò fi já ọmọ lẹ́nu ọmú.