Ta Ló Ń Pàṣẹ fún Ẹ̀rọ Inú Ilé Yín?

   

Ní oṣù kẹfà ọdún 2021, ooru mú ní Texas gan-an. Láàárín ooru yẹn, àwọn onílé kan lágbègbè Houston rí i pé ilé àwọn ò tutù mọ́. Ìgbà tí wọ́n máa wo ẹ̀rọ kékeré ara ògiri tí wọ́n fi ń darí éè-sì, nọ́ńbà tí wọ́n fi í sí kọ́ ló wà níbẹ̀. Ẹnì kan ti yí i sókè. Ọmọ ilé kọ́, olè orí íntánẹ́ẹ̀tì náà sì kọ́. Ilé-iṣẹ́ kan ló yí i láti ọ̀nà jíjìn, nítorí àwọn onílé yẹn ti forúkọ sílẹ̀ fún ètò kan tó ń jẹ́ Smart Savers Texas, tí wọ́n tìtorí ẹ̀ fi orúkọ wọn sínú ìdíje oríire. Àwọn kan nínú wọn ní àwọn ò mọ̀ rárá pé ohun tí àwọn fọwọ́ sí nìyẹn.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, ó tún ṣẹlẹ̀ ní Colorado. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹjọ ọdún 2022, nǹkan bí 22,000 oníbàárà ilé-iṣẹ́ iná Xcel Energy fẹ́ dín ooru ilé wọn kù, ẹ̀rọ ò gbà. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ títí, kò dá wọn lóhùn. Ohun tó kàn ń fi hàn wọ́n ni pé iná ò tó, nítorí náà wọ́n ti tì í pa fún wákàtí mélòó kan. Àwọn náà ti forúkọ sílẹ̀. Wọ́n ti bá wọn yọ 100 dọ́là kúrò nínú owó iná lọ́jọ́ tí wọ́n wọlé, wọ́n sì ń yọ 25 dọ́là lọ́dọọdún.

Ìbéèrè tó wá wà níbẹ̀ ni pé: ẹ̀rọ tí mo fi owó ara mi rà, tó wà lára ògiri mi, ta ló láṣẹ lórí ẹ̀? Ìjọba Britain ti ń kọ èsì ìbéèrè yẹn sínú ìwé òfin. Mo mọ̀ pé tí wọ́n bá ti ní òfin báyìí, oorun á ti máa kun ẹlòmíràn. Ẹ dákun, ẹ má sùn. Gbólóhùn kan péré nínú òfin yẹn ló ń pinnu irú ẹ̀rọ tó kàn.

Kí ló tilẹ̀ fà á tí ẹnikẹ́ni á fi fẹ́ fọwọ́ kan ẹ̀rọ yín? Iná mànàmáná ṣòroó kó pa mọ́ lọ́pọ̀ yanturu. Bí wọ́n ṣe ń pèsè ẹ̀ náà là ń lò ó. Ní Britain, ìrọ̀lẹ́ ni gbogbo èèyàn ń ti ibi iṣẹ́ dé: wọ́n tan sítóòfù, wọ́n gbé omi tíì kaná, wọ́n kó aṣọ sẹ́nu ẹ̀rọ. Tó bá di òru, afẹ́fẹ́ á ṣì máa yí àwọn ẹ̀rọ amúnáwá inú òkun, àmọ́ àwọn tó máa lo iná ọ̀hún ti sùn. Tí ilé kọ̀ọ̀kan bá lè sún iṣẹ́ tí kò kánjú láti ìrọ̀lẹ́ sí òru, gáàsì tí wọ́n máa jó láti fi pèsè iná á dín kù, owó á sì dín kù.

Wọ́n ti dán an wò. Ní ìgbà òtútù 2022 sí 2023, wọ́n ṣe ètò kan tí wọ́n pè ní Demand Flexibility Service. Ilé àti ibi iṣẹ́ tó lé ní mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀ta ẹgbẹ̀rún, ìyẹn 1.6 mílíọ̀nù, ló kópa. Àtẹ̀jíṣẹ́ á wọlé pé ní wákàtí báyìí lọ́la, ẹ dín iná kù, a máa san nǹkan fún yín. Púpọ̀ nínú wọn ló ń fọwọ́ ara wọn pa ẹ̀rọ. Ohun tí ìjọba ń fẹ́ báyìí ni kí ẹ̀rọ fúnra ẹ̀ máa gbọ́ àṣẹ, kó sì máa ṣe é, láìjẹ́ pé ẹ dìde lórí àga.

Ibẹ̀ ni òfin ti wọlé. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá ọdún 2023, Ọba Charles fọwọ́ sí Energy Act 2023. Nínú ẹ̀ ni wọ́n ti sọ ohun tó ń jẹ́ "energy smart appliance". Ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀. Nǹkan mẹ́ta ló wà níbẹ̀.

Èkínní, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹ̀rọ tó lè yí bí iná ṣe ń wọ inú ẹ̀ tàbí bó ṣe ń jáde padà, yálà lójú ẹsẹ̀ tàbí tó bá yá. Ẹ gbọ́ "jáde" yẹn dáadáa. Bátìrì ara ògiri lè gba iná, ó sì lè tú u sílẹ̀ fún àwọn ẹlòmíràn. Òfin tilẹ̀ ní ẹ̀rọ tó ń yí iná ẹ̀rọ mìíràn padà náà wà níbẹ̀.

Èkejì, ó gbọ́dọ̀ lè ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí àṣẹ kan tó gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọlé. "Load control signal" ni orúkọ tí wọ́n fún àṣẹ yẹn.

Ẹ̀kẹta ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ di mú jù: òfin ní ẹ̀yà ara ẹ̀rọ náà ni sọ́fútíwià àti ètò yòówù tó ń jẹ́ kí àṣẹ yẹn ṣiṣẹ́. Ìyẹn ni pé kì í ṣe páálí ara ògiri nìkan ni wọ́n ń bá wí. Tí áàpù orí fóònù yín bá wà lára ohun tó ń jẹ́ kí àṣẹ yẹn dé ẹ̀rọ, kó sì di ṣíṣe, òun náà ti wọ inú òfin nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká dán an wò. Tẹlifíṣọ̀n tó ní Wi-Fi ńkọ́? Wi-Fi nìkan ò sọ nǹkan kan di ẹ̀rọ tí òfin yìí ń bá wí. Ẹ̀rọ ìfọṣọ tí ẹ fọwọ́ ara yín ṣètò pé kó bẹ̀rẹ̀ ní aago méjì òru, tí kò sí àṣẹ kankan tó ń wọlé sí i láti ìta? Kò sí níbẹ̀. Smart meter ńkọ́? Iṣẹ́ ẹ̀ ni kó ka iná, kó sì ròyìn. Kíka iná nìkan kò sọ ọ́ di ẹ̀rọ tó ń gbọ́ àṣẹ. Àmọ́ ṣájà mọ́tò oníná, bátìrì ilé, àti heat pump tó ń mú ilé móoru, tí wọ́n bá lè dúró tàbí bẹ̀rẹ̀ nígbà tí àṣẹ dé láti ìta, inú òfin ni wọ́n wà gbọnrangandan. Òfin náà sì fún ìjọba lágbára láti ní kí ilé-iṣẹ́ tó ń rán irú àṣẹ yẹn gba ìwé àṣẹ kó tó máa rán an.

Ẹ̀rọ tó ti ní ìlànà tirẹ̀ ṣáájú ni ṣájà mọ́tò. Ìlànà ọdún 2021 ni, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún 2022 ní England, Wales àti Scotland. Abala ààbò ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 30 oṣù kejìlá ọdún yẹn kan náà. Ṣájà tí wọ́n tà fún lílò nílé àti níbi iṣẹ́ ló kàn. Ti gbangba ìgboro kò sí níbẹ̀.

Ẹ wo ojú fóònù mi yìí. Áàpù ṣájà nìyí. Mo tẹ "Schedule". Ẹ rí i pé wákàtí ti wà níbẹ̀ kí n tó fọwọ́ kan nǹkan kan? Òfin ló ní kí ó rí bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá kọ́kọ́ tan ṣájà, ó gbọ́dọ̀ ti ní wákàtí tó dábàá fún yín, wákàtí yẹn ò sì gbọdọ̀ bọ́ sí aago mẹ́jọ sí mọ́kànlá àárọ̀, tàbí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ sí mẹ́wàá alẹ́, láti ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì. Ẹ lè gbà á. Ẹ sì lè yí i padà, ẹ̀tọ́ yín ni.

Ní báyìí, mo sọ fún un pé kó bẹ̀rẹ̀ ní aago méjìlá òru. Aago méjìlá lù, kò bẹ̀rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́rin kọjá, kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ á ti máa pe oníṣẹ́ iná pé ẹ̀rọ bàjẹ́. Kò bàjẹ́ o! Òfin ló ní kí ṣájà kọ̀ọ̀kan ṣẹ́ kèké nínú ara ẹ̀, kó dúró díẹ̀, ó lè tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó tó gbé iná. Ẹ wo bó ṣe máa ń rí tí òde ìnáwó bá túká, tí gbogbo mọ́tò fẹ́ gba géètì kan ṣoṣo jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ṣájà ẹgbẹẹgbẹ̀rún bá gbé iná ní ìṣẹ́jú àáyá kan náà nítorí owó iná ṣẹ̀ṣẹ̀ wálẹ̀, wáyà àti ẹ̀rọ iná àdúgbò ló máa jìyà ẹ̀. Tí mọ́tò bá kánjú, ẹ lè fagi lé ìdúró yẹn nínú áàpù. Ìyẹn náà wà nínú òfin.

Ẹ̀tọ́ méjì mìíràn tún wà tí olùtajà kì í sábà sọ. Tí ẹ bá yí ilé-iṣẹ́ tó ń ta iná fún yín padà, ṣájà yín ò gbọdọ̀ pàdánù ọgbọ́n orí ẹ̀. Tí íntánẹ́ẹ̀tì ilé bá sì kú, ó ṣì gbọ́dọ̀ lè fi iná sí mọ́tò. Ẹni tó bá sọ fún yín pé láìsí ilé-iṣẹ́ báyìí ẹ̀rọ ò ní ṣiṣẹ́ mọ́, ẹ ní kó fi ìwé ẹ̀ hàn yín.

Ó ku ààbò. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́. Lọ́dún 2016, kòkòrò ayélujára kan tó ń jẹ́ Mirai kó ẹ̀rọ rẹpẹtẹ nígbèkùn, kámẹ́rà àti ráútà ló pọ̀ jù níbẹ̀. Kò fọ́ ilẹ̀kùn kankan. Páswọ̀dù tí ilé-iṣẹ́ fi sí wọn látilẹ̀ ló kàn ń gbìyànjú níkọ̀ọ̀kan títí wọ́n fi ń ṣí. Lọ́dún 2018, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Princeton fi hàn pé bí ẹnì kan bá kó ẹ̀rọ tó ń jẹ iná gan-an, irú éè-sì àti ẹ̀rọ amúlémóoru, sábẹ́ àkóso ara ẹ̀ bẹ́ẹ̀, tó sì ń tàn wọ́n tó ń pa wọ́n pa pọ̀, ó lè da iná odindi agbègbè rú. Ìdí nìyẹn tí òfin fi le lórí páswọ̀dù. Páswọ̀dù ṣájà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ yàtọ̀, tàbí kẹ́ ẹ fúnra yín yàn án. Ọ̀rọ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀ láàárín òun àti áàpù gbọ́dọ̀ wà ní títì pa. Ẹ sì gbọ́dọ̀ lè nu orúkọ àti ìtàn lílò yín kúrò lára ẹ̀. Fíríìjì, ẹ̀rọ ìfọṣọ àti kámẹ́rà tó ń lo íntánẹ́ẹ̀tì ní òfin tiwọn láti ọjọ́ 29 oṣù kẹrin ọdún 2024: kò sí páswọ̀dù kan náà fún gbogbo wọn mọ́, olùṣe sì gbọ́dọ̀ sọ iye àkókò tó máa fi ṣe àtúnṣe ààbò fún wọn.

Ẹ wá fetí sí èyí o. Olùtajà ni ìlànà ṣájà yìí dè. Ìtanràn tó lè tó 10,000 pọ́n-ùn lórí ṣájà kan, òun ló wà fún. Kò sí ìtanràn lọ́rùn onílé. Nítorí náà, tí àtẹ̀jíṣẹ́ tàbí WhatsApp bá wọlé pé ṣájà yín tàbí heat pump yín ò bá òfin mu, kẹ́ ẹ tẹ líǹkì, kẹ́ ẹ fi nọ́ńbà káàdì yín san owó, olè ni. Ẹ pa á rẹ́.

Ohun tí mo ní kẹ́ ẹ ṣe nìyí. Kẹ́ ẹ tó rà á, ẹ bèèrè ọdún tí áàpù ẹ̀ máa fi gba àtúnṣe. Tí ilé-iṣẹ́ bá fẹ́ fún yín lówó kí ó lè máa darí ẹ̀rọ yín, ẹ má tíì tẹ "I agree". Ẹ bi wọ́n pé: wákàtí mélòó ni, ìgbà mélòó lọ́dún, ṣé mo lè kọ̀ lọ́jọ́ náà, báwo ni mo ṣe máa jáde? Tí ẹ bá fi ilé sílẹ̀, ẹ yọ orúkọ yín kúrò nínú áàpù. Tí ẹ bá kó wọ ilé tuntun, ẹ ní kí oníṣẹ́ iná dá ẹ̀rọ padà sí bó ṣe wà nígbà tó jáde látinú páálí, torí fóònù ẹni tó kó jáde lè ṣì máa pàṣẹ fún un. Tí ẹ bá ń gbé ilé rẹ́ǹtì, ẹ bi lánlọ́ọ̀dù pé orúkọ ta ló wà nínú áàpù.

Ẹ̀yin ara ilé ní Èkó àti Ìbàdàn tẹ́ ẹ ń lo inverter tó ní áàpù, òfin Britain ò dé ọ̀dọ̀ yín, àmọ́ ìbéèrè kan náà ló kàn yín: ẹni tó bá yín fi í sí ara ògiri, ṣé áàpù ẹ̀ ṣì ń ṣí i? Ẹ gba orúkọ àti páswọ̀dù lọ́wọ́ ẹ̀, kẹ́ ẹ sì yí i padà lójú ẹsẹ̀.

Tí fídíò yìí bá ti parí, ẹ ṣí áàpù ẹ̀rọ kan tó wà nílé yín, kẹ́ ẹ wo àwọn tó láṣẹ lórí ẹ̀. Orúkọ tẹ́ ẹ ò bá mọ̀ níbẹ̀, ẹ yọ ọ́ lónìí.