Ìka Kò Dọ́gba: Ìdí Tí Ara Ẹnìkan Fi Ń Tètè Sanra Ju Ti Ẹlòmíràn Lọ

Ìbéèrè tí ó wà níwájú wa ní alẹ́ òní kò ṣòro láti bi, ṣùgbọ́n ìdáhùn tí a máa ń fún un ti ba ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn jẹ́. Ṣàṣà ni agbo ilé ní Ìwó níbí tí a kò ti ní rí ọmọ ìyá méjì tí wọ́n jọ ń jẹ láti inú ìkòkò kan náà, tí ọ̀kan ń sanra, tí èkejì rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀pá.

Ìdájọ́ méjì ni a ti gbé kalẹ̀ de irú wọn. Ẹni tí ó sanra, a ní wọ̀bìà ni. A ó sì pa á lówe fún un pé ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Ẹni tí ó rù, a ní ayé ni ó ń ṣe é, tàbí kí a máa sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé àìsàn kan wà lára rẹ̀ tí kò fẹ́ kí a mọ̀. Èdè wa náà lọ́wọ́ sí i. Ẹ fetí sí ọ̀rọ̀ náà “sanra”: a ń gbọ́ “san”, a sì ń gbọ́ “ara” nínú rẹ̀. Kò yani lẹ́nu, nígbà náà, pé bí a bá rí ẹni tí ó rù, àìsàn ni ó kọ́kọ́ ń sọ sí wa lọ́kàn. Ǹjẹ́ ìdájọ́ wọ̀nyí tọ́?

Ní ọdún 1990, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Yunifásítì Laval, ní Québec ní ilẹ̀ Kánádà, gbé àbọ̀ ìwádìí kan jáde. Orísìí ìbejì 12 ni wọ́n lò, ọkùnrin ni gbogbo wọn, ìbejì tí ó ti inú ẹyin kan ṣoṣo wá. Fún ọjọ́ 84 láàárín ọjọ́ 100, wọ́n fún olúkúlùkù ní oúnjẹ tí ó fi 1,000 kálórì ju èyí tí ara rẹ̀ nílò lọ. Bí ó bá ṣe pé àjẹjù nìkan ni ọ̀rọ̀ náà, ìwọ̀n kan náà ni gbogbo wọn ì bá fi sanra. Ṣùgbọ́n ẹni tí tirẹ̀ kéré jù fi kílò 4.3 wúwo sí i; ẹni tí tirẹ̀ pọ̀ jù fi kílò 13.3. Síbẹ̀, Táíwò àti Kẹ́hìndé tí wọ́n jẹ́ orísìí kan náà súnmọ́ ara wọn gidigidi. Ohun àbínibí ni ó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ní ilẹ̀ Yorùbá tiwa, ẹyin méjì ni ọ̀pọ̀ ìbejì ti ń wá. Wọn kò jọra ju tẹ̀gbọ́n-tàbúrò lọ. Nítorí náà, bí Táíwò bá sanra tí Kẹ́hìndé rù, kí a má ṣe sọ pé ọ̀kan ń jẹ ìpín èkejì.

Níbo wá ni oúnjẹ àjẹjù ń gbà lọ lára ẹni tí kò sanra? Ìwádìí Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà, tí ó jáde ní 1999, dáhùn apá kan rẹ̀. Àwọn ènìyàn 16 jẹ 1,000 kálórì ní àjẹjù lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 8. Àwọn tí ọ̀rá wọn kò pọ̀ sí i púpọ̀ ni àwọn tí ara wọn kì í gbé jẹ́ẹ́: wọ́n ń dìde, wọ́n ń rìn síhìn-ín sọ́hùn-ún, wọ́n ń mi ẹsẹ̀, láìmọ̀.

Fífọn náà ní ìṣòro tirẹ̀. Ní 1994 ni a ṣàwárí ohun kan tí wọ́n ń pè ní leptin, tí ọ̀rá ara ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ láti ròyìn fún ọpọlọ bí ọ̀rá tí ó wà nípamọ́ ti pọ̀ tó. Bí ènìyàn bá fi ebi pa ara rẹ̀ kí ó lè fọn, leptin a dínkù, ebi a túbọ̀ máa pa á, ara a sì máa ṣún agbára lò. Ẹni tí ó fọn tí ó tún padà sanra kì í ṣe ọ̀lẹ. Ara rẹ̀ ni ó ń bá a jà.

Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má ṣe torí èyí ká ọwọ́ lẹ́rán. Àwọn olùwádìí fi àwọn obìnrin Ìgbó-Ọrà wé àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú ní Maywood, lẹ́bàá Chicago. Àwọn ti Maywood sanra jù wọ́n lọ dáadáa, bẹ́ẹ̀ ni Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni ọ̀pọ̀ baba ńlá wọn ti wá. A lè rò pé iṣẹ́ oko ni ó fà á. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ṣírò ìwọ̀n ara mọ́ ọn, agbára tí wọ́n ń fi ṣiṣẹ́ kò yàtọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àbọ̀ tí ó jáde ní 2009 sì fi hàn pé a kò lè fi agbára tí obìnrin kan ń lò sọ tẹ́lẹ̀ bóyá yóò sanra. Ojú wa ní láti padà sínú àwo oúnjẹ.

Ẹ jẹ́ kí n fi oko àgbàdo ṣe àpèjúwe. Irúgbìn ni ó ń sọ igi àgbàdo tí yóò ga ju èkejì lọ nínú oko kan náà. Ilẹ̀ àti òjò ni ó ń sọ bí gbogbo oko yóò ti ga tó. A kò lè pààrọ̀ irúgbìn tí a fi dá wa, ṣùgbọ́n a lè tún ilẹ̀ wa ṣe: kí a dín ohun mímu aládùn àti oúnjẹ olóròóró púpọ̀ kù, kí a sì máa fi ẹsẹ̀ rìn níbi tí ọ̀kadà kò ti pọn dandan.

Ẹ̀yin olùkọ́, ọ̀dọ̀ yín ni mo fàbọ̀ sí. Ọmọ tí ẹ bá gbọ́ tí wọ́n ń pè ní “ọ̀rọ̀bọ̀” tàbí “lẹ́pa” nínú kíláàsì, kì í ṣe ìwà rẹ̀ ni ara rẹ̀ ń ròyìn. Bí ara rẹ̀ bá yí padà lójijì, ẹ jẹ́ kí àwọn òbí rẹ̀ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kì í ṣe sí ilé aláwo. Bí kò bá sì yí padà, ẹ rántí pé ìka kò dọ́gba, Ọlọ́run kan náà ni ó sì dá gbogbo wọn.