Fódà Àjùmọ̀lò Gbọ́dọ̀ Ní Òdiwọ̀n

Bí sáfà tí gbogbo ọ́fíìsì ń kó fáìlì sí bá kún, àti ẹni tó kó ẹrù jọ àti ẹni tí kò kó nǹkan kan, iṣẹ́ wọn á dúró. Fódà ló yẹ ká fi òdiwọ̀n àyè sí, kì í ṣe ènìyàn. Láyé Windows 2000, òdiwọ̀n máa ń ka àyè sí ẹni tó ni fáìlì lọ́rùn. Akọ̀wé tó ń kó ìwé gbogbo ẹ̀ka sórí ẹ̀rọ á wá jẹ gbèsè tí kì í ṣe tirẹ̀. Láti ìgbà Windows Server 2003 R2 ni Windows ti jẹ́ ká lè fi òdiwọ̀n sórí fódà fúnra rẹ̀.

Àwọn kan á ní ká kúkú ra díìsìkì sí i. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ la gbọ́dọ̀ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́, bí ẹrù bá sì ṣe pọ̀ tó ni ẹ̀dà ṣíṣe máa ń pẹ́ tó. Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù pé òdiwọ̀n á dá iṣẹ́ dúró. Ẹ̀rù yẹn tọ́; nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ìkìlọ̀ ṣáájú, kí ímeèlì jáde bí fódà bá ti dé ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún òdiwọ̀n rẹ̀. Òdiwọ̀n kan tún wà tó kàn ń kìlọ̀, tí kì í ti ilẹ̀kùn. Ẹ̀yin ọ̀gá ọ́fíìsì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀.