Kàlẹ́ńdà Tiwa
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ẹ̀ka)

 

Ẹ wo kàlẹ́ńdà ara ògiri yẹn. Ilé-iṣẹ́ ọtí ló fi ta wá lọ́rẹ. Kérésìmesì wà níbẹ̀, Iléyá wà níbẹ̀. May 1 náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sọ bí ó ṣe débẹ̀. Ní May 1, 1886, àwọn òṣìṣẹ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà daṣẹ́ sílẹ̀ pé wákàtí mẹ́jọ ló tó ènìyàn í ṣe lóòjọ́. Ọ̀rọ̀ náà di ìjà ní Chicago, wọ́n sì so mẹ́rin nínú àwọn aṣáájú wọn kọ́ ní 1887. Níhìn-ín, ó di 1981 kí ìjọba àpapọ̀ tó fún wa ní ìsinmi ọjọ́ náà.

June 22, 1945 ńkọ́? N kò rí i níbẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè, ti ilé ìfìwéránṣẹ́ àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba mìíràn gbé iṣẹ́ jù sílẹ̀, nítorí ogun Hítílà ti sọ ọjà di ọ̀wọ́n, owó oṣù kò sì gbọ́ bùkátà mọ́. Ó lé ní ogójì ọjọ́ kí ó tó parí. Bàbá Michael Imoudu kò tíì pé oṣù kan tó ti ibi tí ìjọba lé e lọ dé nígbà náà. November 18, 1949 ńkọ́, tí ọlọ́pàá yìnbọn pa awakùsà mọ́kànlélógún ní Iva Valley, Enugu? Ẹni tó tẹ kàlẹ́ńdà ló mọ ọjọ́ tó fẹ́ kí a rántí.

Ṣùgbọ́n èyí tó dùn mí jù kò jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, ẹ̀rọ gé ìka méjì lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi kan. Nígbà tó béèrè owó gbà-má-bínú, akọ̀wé ní kò sí nínú ìwé àwọn. “Ọjọ́ wo ni?” Èmi ní ó ku bí ọ̀sẹ̀ kan kí a ṣe Iléyá. Ẹnìkejì ní lẹ́yìn Iléyá ni. Iléyá fúnra rẹ̀ kì í dúró sójú kan, ó ń fi bí ọjọ́ mọ́kànlá yá lọ́dọọdún! Àwọn bàbá wa tó ń fi ọjọ́ ọjà ka ọrún kò jẹ́ ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀, pàápàá bí owó bá wọ̀ ọ́. Ọ̀rẹ́ mi kò gba kọ́bọ̀.

Òfin ọdún 2010 ní kí ẹni tó fara pa lẹ́nu iṣẹ́ fi tó ilé-iṣẹ́ létí láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá. Ta ni yóò ka ọjọ́ mẹ́rìnlá tí kò mọ ọjọ́ kìn-ín-ní?

Nítorí náà, kí a gbé kádíbọ́ọ̀dù ńlá kan kọ́ sí ọ́fíìsì ẹgbẹ́. Kí June 22 àti November 18 wà níbẹ̀. Kí ọjọ́ tí wọ́n gba olúkúlùkù síṣẹ́ wà níbẹ̀, ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni fara pa àti ẹni tó ṣojú rẹ̀, ọjọ́ tí àdéhùn wa pẹ̀lú àwọn ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí yóò parí. Kí akápò ní ẹ̀dà kan nílé, nítorí òjò àti eku. Ẹ̀yin dírẹ́bà, ẹ kọ ọjọ́ tí láísẹ́ńsì yín yóò parí síbẹ̀ pẹ̀lú.

Akọ̀wé ti ra ìwé àti báírò. Ẹni tó bá rántí ọjọ́ tí a fọwọ́ sí àdéhùn owó iṣẹ́ òru, kí ó jọ̀wọ́ lọ sọ fún un kí ó tó jáde.