Thunder: láti ẹgbẹ́ ilé iṣẹ́ dé Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú ọkọ̀ lórí Third Mainland, ẹ kú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò mi ọkùnrin pè mí. Ó ń kọ́ iṣẹ́ títún fóònù ṣe ní Ìsàlẹ̀ Èkó níbí, ó sì máa ń gbá bọ́ọ̀lù ní Campos nírọ̀lẹ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ajẹ́ńtì kan ti rí mi, owó tí màá san ló kù." Mi ò lè sùn lóru ọjọ́ yẹn. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ sọ̀rọ̀ Teslim Balógun lónìí.

Ọ̀pọ̀ wa mọ orúkọ náà nítorí pápá ìṣeré tó wà ní Súrùlérè, tí wọ́n ṣí ní 2007. Ṣùgbọ́n ta ni ọkùnrin náà gan-an? Ọmọ Èkó ni. Thunder ni wọ́n ń pè é, torí bó bá gbá bọ́ọ̀lù, ńṣe ló dà bí ìgbà tí àrá bá sán.

Láyé ìgbà yẹn, bọ́ọ̀lù nìkan kì í bọ́ èèyàn ní Nàìjíríà. Àwọn ilé iṣẹ́ ló ní ẹgbẹ́: Réluwéè, Marine, UAC, SCOA, títí kan báńkì. Iṣẹ́ láàárọ̀, bọ́ọ̀lù nírọ̀lẹ́. Thunder gbá fún Réluwéè, ó gbá fún Pan Bank, ó gbá fún SCOA. Pápá King George V ní Oníkàn, tá à ń pè ní Mobolaji Johnson Arena báyìí, ni èrò ti ń wò wọ́n.

Ní oṣù kẹjọ 1949, agbábọ́ọ̀lù 18 wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ìlú Ọba. Thunder wà lára wọn. Ẹsẹ̀ lásán ni ọ̀pọ̀ wọn fi gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀. Nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́sàn-án, wọ́n borí nínú méjì, wọ́n ta ọ̀mì nínú méjì, wọ́n pàdánù márùn-ún.

Ní 1955, ó padà lọ, ó dara pọ̀ mọ́ Peterborough United, tí kò tíì wọ Football League nígbà náà. Lẹ́yìn náà ló bọ́ sí Queens Park Rangers ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ líìgì 13 ló gbá, ó gbá góòlù mẹ́ta wọlé. Ẹ má rò pé owó rẹpẹtẹ ni o! Òfin ni pé owó iṣẹ́ agbábọ́ọ̀lù kò gbọ̀dọ̀ ju £15 lọ lọ́sẹ̀. Ọdún 1961 ni wọ́n tó fagi lé irú òfin bẹ́ẹ̀.

Ibi tó wọ̀ mí lára jù nìyí: Thunder ò jókòó máa sunkún pé ìgbà òun ti lọ. Ó kọ́ iṣẹ́ kóòṣì, wọ́n sì ń kà á sí ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba ìwé ẹ̀rí kóòṣì. Ojú oorun ló kú sí, ní ọjọ́ 30 oṣù keje 1972.

Mo pe àbúrò mi padà. Mi ò ní kó má gbá bọ́ọ̀lù o. Mo ní, "Bí ajẹ́ńtì yẹn bá gbà pé o mọ bọ́ọ̀lù, kí ló dé tó jẹ́ pé ìwọ lo máa sanwó? Parí iṣẹ́ tó ò ń kọ́. Campos ò ní sá lọ."

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ayé Thunder kọ́ là ń gbé yìí." Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n eegun agbábọ́ọ̀lù ṣì ń ṣẹ́ lónìí, ọjọ́ orí sì ń lọ. Iṣẹ́ ọwọ́ kì í jẹ́ kí èèyàn ṣubú tán.

Títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, kò tíì san owó náà. Mo ṣì ń bẹ̀ ẹ́.

Bí ẹ bá ní àbúrò tí ọ̀rọ̀ yìí kàn, ẹ fi ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.