Kí A Tó Dáná: Ìṣirò Owó Ilé Ìdáná Ìpápánu

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé ọjà wa ní Àwóyè)

Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí òkun gba èyí tó kù lọ́wọ́ wa.

Ọ̀rọ̀ owó la fẹ́ sọ lónìí. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa obìnrin wá bá ìgbìmọ̀, ó ní kí ẹgbẹ́ yá òun lówó láti bẹ̀rẹ̀ ilé ìdáná tí yóò máa ṣe chin-chin, puff-puff àti kéèkì fún títà. Inú wa dùn. Ọmọ tí òkun ti gba ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, tó tún ní òun fẹ́ ṣiṣẹ́, ó yẹ kí á ràn án lọ́wọ́. Ó ti kọ ìṣirò rẹ̀ sínú ìwé. Ṣùgbọ́n nígbà tí a kà á dé ìsàlẹ̀, a rí i pé igbó ni wọ́n fẹ́ pò mọ́ kéèkì. Oníbàárà kan láti ìlú ńlá ló ṣèlérí fún un pé ìlọ́po mẹ́ta iye kéèkì lásán lòun á máa san.

A ò pariwo mọ́ ọn, a ò sì lé e. A ní kó jókòó, ká jọ ṣírò ọ̀rọ̀ náà. Ohun tí a bá a ṣe la fẹ́ bá gbogbo yín ṣe báyìí, torí kì í ṣe òun nìkan ni ọjà ò tà fún.

Èkíní: owó ìbẹ̀rẹ̀. Ká ní 600,000 náírà ló wà lọ́wọ́. Àpẹẹrẹ lásán ni o, kí olúkúlùkù lọ béèrè iye tòní lọ́jà. Báyìí la ṣe pín in:

Ibi iṣẹ́: 120,000.
Sítóòfù, ìkòkò, tábìlì, òṣùwọ̀n àti ike olómorí: 150,000.
Fúláwà, ṣúgà, epo, bọ́tà, ẹyin àti ọ̀rá àkọ́kọ́: 120,000.
Ọkọ̀ ojú omi, aláàárù àti omi tó mọ́: 60,000.
Ìwé àṣẹ: 30,000 láti fi bẹ̀rẹ̀.
Owó ìpamọ́ tí a ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn: 120,000.

Nínú ìwé ọmọ wa, ìdajì owó ló fẹ́ fi kọ́lé. A ní rárá. Àwa tí a ń gbé etí òkun, a mọ ohun tí omi ń ṣe. Kọ́ kékeré sórí òpó, pẹ̀lú pákó tó ṣeé tú. Ohun èlò tó ṣeé gbé sínú ọkọ̀ ni kó o náwó lé, kí ó lè bá ọ lọ bí omi bá dé.

Kò kọ owó omi síbẹ̀ rárá. Omi yí wa ká lóòótọ́, ṣùgbọ́n èwo nínú ẹ̀ la lè fi po fúláwà? Kò sì kọ owó ìpamọ́. Bí òkun bá ru fún ọ̀sẹ̀ kan tí ọkọ̀ ò lọ sí Ìgbọ́kọ̀dá, kí ni yóò jẹ? Ojú owó ni yóò jẹ. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

Ní ti ìwé àṣẹ, ẹ gbọ́ o: ìpápánu tí ẹ bá ti dì sínú ọ̀rá, tí ẹ kọ orúkọ lé, tí ẹ fẹ́ kó lọ sí ṣọ́ọ̀bù àwọn ará ìlú, ẹ béèrè lọ́wọ́ NAFDAC kí ẹ tó tẹ ọ̀rá náà. Ẹ má tẹ ọ̀rá ẹgbẹ̀rún kan kí ẹ tó mọ ohun tí wọ́n fẹ́ kí á kọ sí i.

Èkejì: èrè. Ọmọ wa ní bí òun bá dáná lẹ́ẹ̀kan, ohun èlò 18,000 náírà ni yóò wọ̀ ọ́, òun á rí ọ̀rá 150 tà ní 200 náírà, ìyẹn 30,000. Ó ní èrè òun jẹ́ 12,000. A ní, gáàsì ńkọ́? 2,500. Ọ̀rá ńkọ́? 1,500. Ọkọ̀ àti omi ńkọ́? 3,000. Àpapọ̀ ìnáwó di 25,000. Èrè tó kù, 5,000. Ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ kò tíì sí nínú ẹ̀. Ibẹ̀ ni ojú ọmọ náà ti fà ro, ó ní, “Ẹ̀yin ìyá, ṣé ẹ rí ìdí tí mo fi ń ro ti igbó?” A rí i. Òótọ́ ló sọ.

Ẹ̀kẹta: igbó náà. Ìlọ́po mẹ́ta, 90,000 ni wọ́n fi hàn án. Ẹ jẹ́ ká ṣírò èyí náà. Láti 1966 ni ìjọba ológun ti ṣe òfin líle lórí igbó. Òfin NDLEA, tó wáyé ní 1989, sọ pé ẹni tó bá ṣe irú oògùn bẹ́ẹ̀ tàbí tó tà á, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè dé ẹ̀wọ̀n gbére. Kò sí ibi tó sọ pé bí a bá fi ṣúgà sí i, ó ti di ìpápánu. Èló la fẹ́ kọ sí iwájú ẹ̀wọ̀n nínú ìwé ìṣirò?

Àwọn kan ń sọ pé òfin ti dẹ̀, torí pé ní oṣù Karùn-ún 2019, Gómìnà Rotimi Akeredolu, tó ti di olóògbé báyìí, lọ sí Thailand láti wo bí wọ́n ṣe ń gbin igbó fún oògùn ìwòsàn. Ó lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìrìn àjò kì í ṣe òfin. Thailand fúnra rẹ̀ ṣílẹ̀kùn ní 2022, ó sì tún dé e padà ní 2025, ìwé dókítà ni wọ́n fi ń rà á báyìí. Ní ìpínlẹ̀ Colorado ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń tà á ní gbangba láti 2014, ilé ìdáná irú èyí gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ, kó sanwó àyẹ̀wò, kó fi ọ̀rá tí ọmọdé ò lè ṣí dì í, kó sì ṣírò agbára rẹ̀ má ju 10 mílígíráàmù lọ nínú ẹyọ kan. Èwo nínú ìyẹn la lè ṣe pẹ̀lú ìkòkò àti ṣíbí?

Ìdí tí wọ́n fi ń ṣe gbogbo ìyẹn wà. Igbó tí a jẹ kì í tètè ṣiṣẹ́ bíi èyí tí a fà. Ó lè pẹ́ tó ààbọ̀ wákàtí, ó sì lè pẹ́ tó wákàtí méjì. Ẹni tó jẹ ẹyọ kan tí kò rí nǹkan kan á tún jẹ méjì sí i. Ọmọdé tó bá rí kéèkì, kéèkì ló rí. Àwa ìyá ọmọ la wà níbí o. Bí ọmọ ará ilé wa bá dákú sínú ọkọ̀ láàárín omi, ilé ìwòsàn wo la fẹ́ sáré gbé e dé?

Ibi tí ọ̀rọ̀ parí sí nìyí. Ọmọ wa fa ìlà sórí igbó nínú ìwé rẹ̀. Ẹgbẹ́ gbà láti yá a ní ìdajì owó, kì í ṣe lówó lọ́wọ́ o, ohun èlò àti fúláwà la máa rà fún un. Yóò máa dá díẹ̀díẹ̀ padà lọ́jọ́ ọjà. Obìnrin mẹ́ta tí wọ́n jọ ń ra fúláwà yóò máa pa owó ọkọ̀ pọ̀ pẹ̀lú rẹ̀, kí 5,000 náírà yẹn lè pọ̀ sí i.

A bẹ̀ yín, ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó mú un wá ká jọ kà á. Ẹni tí ẹnikẹ́ni bá sì fi ìlọ́po mẹ́ta tàn, kó wá sọ fún wa kó tó gbà. A ò ní bú u.

Ọjà á tà, omi á rọ̀ wá lọ́rùn.