Ẹ Má Fi Nǹkan Pamọ́ fún Dókítà



Nọ́ọ̀sì yàrá iṣẹ́ abẹ ni mí. Ọkùnrin kan jẹ ẹ̀bà láàárọ̀, ó ní òun ò jẹ nǹkan kan. Bí a ti fún un lábẹ́rẹ́ oorun, ó bì, èébì wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ọlọ́run ló yọ ọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, oúnjẹ, ó kéré tán wákàtí 6 ṣáájú. Omi lásán, wákàtí 2, bí dókítà bá gbà. Àgbo, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, oògùn àtọ̀gbẹ, ẹ sọ gbogbo ẹ̀.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ẹ mí kanlẹ̀, ẹ tètè dìde rìn bí wọ́n bá ti gbà yín láyè, kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì sí yín lẹ́sẹ̀.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́.